Nọ́ńbà Tó Wà Lábẹ́ Ọ̀dà

Bí àbúrò ìyá mi bá ń bọ̀, etí ló ń kọ́kọ́ mọ̀, torí pé àpò aṣọ rẹ̀ méjèèjì kún fún nọ́ọ̀tì irin tí wọ́n ń dè mọ́ bóòtù, tó ń ró ṣaworo-ṣaworo. Ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Màmá Nọ́ọ̀tì. Páàtì katakata kéékèèké tí wọ́n fi ń tọ́jú ọgbà ló ń tà, pàápàá àwọn ti àtijọ́ tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe wọ́n ti kógbá sílé. Ohun tí wọ́n ń so mọ́ katakata ló mọ̀ jù: abẹ ìgékoríko, irin ìtúlẹ̀, kẹ̀kẹ́ akẹ́rù tí wọ́n ń fà lẹ́yìn. Ó ti lé lógún ọdún nídìí rẹ̀.

Èmi ni mo ń bá a ṣiṣẹ́. Mo yára lọ́wọ́, mo sì tún yára bínú.

Lọ́jọ́ Ajé kan, olùtọ́jú ọgbà ilé-ìwé ìsàlẹ̀ òpópónà wọlé wá, ojú rẹ̀ fà ro. Ọ̀pá tó ń yí abẹ ìgékoríko rẹ̀ ti ṣẹ́. Koríko pápá ti fẹ́ dé orúnkún, ọ̀gá ilé-ìwé sì ti sọ pé bí kò bá gé e títí ọjọ́ Ẹtì, òun á gbé iṣẹ́ náà fún àwọn kan tó ní ẹ̀rọ tuntun. Iṣẹ́ tí bàbá yìí ti ń ṣe láti ìgbà tí irun rẹ̀ ṣì dúdú!

"Ẹ gbà mí, Màmá," ó ní. "Mi ò mọ iṣẹ́ míì."

Kí Màmá tó la ẹnu, mo ti béèrè nọ́ńbà tí ilé-iṣẹ́ kọ sára katakata rẹ̀. Ó ti mọ̀ ọ́n sórí, ó kà á fún mi. Mo yẹ ìwé páàtì wò, mo fa ọ̀pá kan yọ, mo fi lé e lọ́wọ́. Inú mi dùn sí ara mi gan-an.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó dá a padà, ó ní ó ti tóbi jù. Mo fún un ní òmíràn. Lọ́jọ́rú, ó dá ìyẹn náà padà. Ara mi gbóná.

"Bàbá, ṣé ó dá yín lójú pé ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń fi í síbẹ̀?"

Màmá wò mí látòkè délẹ̀. "Panu mọ́ jàre! Ta ló sọ fún ẹ pé ọjọ́ kan náà ni wọ́n bí abẹ àti katakata?"

Ojú tì mí. Mo mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ pé abẹ máa ń ní nọ́ńbà tirẹ̀, ìwàǹwára ni ò jẹ́ kí n béèrè. Mo bẹ bàbá náà. Màmá ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó ní ká gba ilé-ìwé lọ.

Nínú yàrá ẹ̀rọ, láàárín garawa àti rọ́bà omi, katakata náà ń dán gbinrin, àwọ̀ ewé látorí dé táyà. Màmá kúnlẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra ara abẹ náà káàkiri. Kò rí nọ́ńbà kankan.

"Ọdọọdún ni mo máa ń kùn ún," ni bàbá wí, ó ń yangàn. "Ẹ̀ẹ̀mejì-ẹ̀ẹ̀mejì."

"Ẹ ti sin nọ́ńbà láàyè nìyẹn," ni Màmá fèsì. Ó fa ọ̀bẹ yọ nínú báàgì.

"Háà! Màmá, ẹ má ha á o!" Bàbá gbọ́wọ́ lé ẹ̀rọ náà bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gún ọmọ rẹ̀ lábẹ́rẹ́.

"Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Ọ̀túnla lọjọ́ Ẹtì. Ọ̀dà lẹ fẹ́ ni, àbí iṣẹ́?"

Bàbá yọwọ́, ó sì yíjú sí ògiri. Màmá ń ha á: àwọ̀ ewé, búlúù, pupa, àwọ̀ ewé míì, àwọ̀ eérú. Nígbà tó kan irin, nọ́ńbà mẹ́fà yọjú, wọ́n mọ́ kedere.

"Abẹ yìí lẹ̀gbọ́n," ni Màmá wí. "Ó fi ọdún mẹ́wàá ju katakata yín lọ, ilé-iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ló sì ṣe é."

Kò sí irú ọ̀pá náà ní ṣọ́ọ̀bù wa. Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn onípáàtì ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni kẹrin ló ní òun ní ẹyọ kan ṣoṣo nínú páálí. Awakọ̀ kan bá a gbé e dé nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, a lọ bá bàbá fi í síbẹ̀, ó sì wọlé wẹ́rẹ́. N ò mọ ìgbà tí mo fò sókè.

Nígbà tó máa fi di ọ̀sán, a ti padà sí ṣọ́ọ̀bù, la bá gbọ́ ariwo ẹ̀rọ lókèèrè. Mo jáde. Bàbá ló ń bọ̀ lórí katakata! Ó ti gé pápá tán, ó ti gé iwájú ilé-ìwé, ọwọ́ rẹ̀ ò dúró, ló bá ń gé koríko ẹ̀gbẹ́ títì bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ọ̀gá ilé-ìwé ń sáré tẹ̀ lé e, táì rẹ̀ ti yí sẹ́yìn, koríko wà nínú irun rẹ̀, ó ń pariwo ohun tẹ́nì kan ò gbọ́.

Màmá juwọ́ sí bàbá pé kó pa ẹ̀rọ. Ó pa á.

"Mo ní ọwọ́ yín ni iṣẹ́ náà ṣì wà!" ni ọ̀gá ń lọgun. "Látorí pápá ni mo ti ń sọ ọ́ bọ̀!"

Bàbá ò sọ̀ kalẹ̀. Omi lé ròrò sójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ tún un sọ. Màmá Nọ́ọ̀tì ò gbọ́ dáadáa."

Màmá tó ti gbọ́ ketekete fọwọ́ sétí. "Kí ni wọ́n wí?"