Faransé Ìyá Tẹ́ní

Láràárọ̀, bí Fọlọ́runṣọ́ bá ti gbàdúrà tán, á jókòó sídìí tábìlì oúnjẹ nínú fúláàtì wọn ní Jakande Estate, Ìsọlọ̀, á wá awò ojú rẹ̀, á sì tan fóònù. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni ẹ̀kọ́ náà. Fóònù á sọ gbólóhùn kan lédè Faransé, òun náà á tún un sọ. Bó bá ṣì í, fóònù á ní kó tún un sọ. Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ni. Ìjerò Èkìtì ni wọ́n bí i sí, iṣẹ́ ìjọba ló ṣe l'Ékòó títí tó fi fẹ̀yìn tì. Kò sí ohun tó pa òun àti Faransé pọ̀ rí, àfi Morọ́lá ìyàwó rẹ̀.

Ọmọ Èjìgbò ni Morọ́lá, àmọ́ bíi ti ọ̀pọ̀ ọmọ Èjìgbò, Àbíjàn ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló sì dàgbà sí. Ó ti lé lọ́mọ ogún ọdún kó tó wálé. Nígbà tó kọ́kọ́ dé, Yorùbá kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n nígbà tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ta aṣọ ọmọdé ní ọjà Aswani, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó máa fura. Zakariyah nìkan ló ń bá sọ Faransé lọ́jà, ìyẹn télọ̀ ará Kùtọnu tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tiẹ̀.

Lóṣù kẹwàá ọdún tó kọjá, rọpárọsẹ̀ kọlu Morọ́lá ní balùwẹ̀. Ọjọ́ karùn-ún tí wọ́n ti wà nílé ìwòsàn ló tó la ẹnu. Ọ̀rọ̀ tó jáde kò yé ẹnikẹ́ni. Nọ́ọ̀sì rò pé ṣe ló ń ṣèrànrán. Tẹ́ní, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, tó máa ń gbọ́ bí ìyá rẹ̀ ṣe ń bá Zakariyah sọ̀rọ̀ lọ́jà, ló fetí sílẹ̀ dáadáa.

"Dádì, Faransé ni Mọ́mì ń sọ."

Yorùbá ti lọ. Bí wọ́n bá bá a sọ ọ́, ẹnu wọn ló kàn máa ń wò. Dókítà ní bó bá máa padà, á padà; bí kò bá padà, kí wọ́n ṣọpẹ́ pé ó tiẹ̀ ń sọ̀rọ̀. Ọkùnrin tó ti ń pè ní Bàbá Tẹ́ní láti ọdún gbọọrọ wá di "Mùsíyé". Nígbà tí Fọlọ́runṣọ́ máa mọ ohun tó túmọ̀ sí, ó rí i pé bí wọ́n ṣe ń pe ọkùnrin tí wọn ò mọ̀ rí ni.

Tẹ́ní ló fi ẹ̀kọ́ náà sórí fóònù fún un. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń béèrè pé, "Ibo ló ń dùn ẹ́?" Ohun tí fóònù ń kọ́ ọ ni pé ológbò ń mu mílíìkì. Ó ra ìwé kan, ó ń kọ ọ̀rọ̀ sí i. Lóṣù kẹta, ó béèrè bóyá omi ni ìyàwó rẹ̀ ń fẹ́, ìyẹn sì mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó dé kíṣìnì, ó bú sẹ́kún. Ṣùgbọ́n nígbà tó gbé omi dé, obìnrin náà mu ún tán, ó sì rọ̀jò ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Kò gbọ́ ju méjì lọ nínú ẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Morọ́lá wo ilẹ̀kùn, ó ní, "Rántí."

Fọlọ́runṣọ́ sáré sún mọ́ ọn. "Ìyá Tẹ́ní, kí ni kí n rántí?"

Ó tún un sọ. Ọkùnrin náà pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù. "Yorùbá ti ń padà o! Ó ní kí n rántí!" Tẹ́ní sáré wá láti Òkòtà. Wọ́n kó fọ́tò ìgbéyàwó jáde, wọ́n kó ti ìsọmọlórúkọ jáde. Obìnrin náà fọwọ́ òsì tì wọ́n sẹ́yìn, ó sọ ọ̀rọ̀ kan náà, ó ń sunkún. Báyìí ni fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ni Fọlọ́runṣọ́ bá lọ mú Zakariyah wá láti Aswani. Ìyẹn jókòó ti Morọ́lá, ọ̀rọ̀ sì bẹ̀rẹ̀. Wọ́n sọ, wọ́n sọ. Morọ́lá rẹ́rìn-ín, àkọ́kọ́ látìgbà tí àìsàn ti dé. Ọkọ rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú tírè lọ́wọ́.

"Bàbá, kì í ṣe rántí," Zakariyah ní. "Ránté ni. Ó túmọ̀ sí kéèyàn padà sílé."

"Ilé wo? Ṣebí ilé nìyí."

"Ti Àbíjàn ni. Wọ́n ní ìyá àwọn ń retí àwọn." Ó wo ilẹ̀. "Wọ́n ní èèyàn dáadáa ni yín o, àmọ́ ẹ ò jẹ́ káwọn lọ."

Ìyá Morọ́lá ti kú láti bí ọgbọ̀n ọdún. Wọ́n ti ta ilé náà. Fọlọ́runṣọ́ ò ní Faransé tó máa fi sọ ìyẹn, kò sì lè ní kí Zakariyah bá òun sọ ọ́. Ó kàn béèrè pé, "Báwo lẹ ṣe ń pe ọ̀la?"

"Dimẹ́n."

Nígbà tí Morọ́lá tún béèrè, ó dáhùn pé, "Dimẹ́n." Obìnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́. Lọ́jọ́ kejì, ó bá a tó ti fi ọwọ́ kan fa aṣọ jáde sórí bẹ́ẹ̀dì, tó jókòó tì í. Dimẹ́n. Ọjọ́ kẹta, dimẹ́n. Lẹ́yìn Àjíǹde, kò béèrè mọ́. Ó kọjú sí ògiri, ọ̀rọ̀ sì dín kù lẹ́nu rẹ̀.

"Dádì, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún wọn," Tẹ́ní ní.

"Ta ló máa sọ ọ́? Èmi tí mi ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń pe òkú?"

Kò fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Níjelòó, ibi tó dé ni bí wọ́n ṣe ń ra tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè. Ó pe ọ̀rọ̀ kan, kò pè é dáadáa. Ohùn kan jáde láti yàrá, ó pe ọ̀rọ̀ náà bó ṣe yẹ. Ó tún un pè. Ohùn náà tún tún un ṣe fún un, bí olùkọ́ tó ti ń rẹ̀.

Ó dìde, ó lọ wò ó. Ògiri ló ṣì kọjú sí. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó sì tún ọ̀rọ̀ náà pè.