Bàtà Tó Gé Ẹni Tó Rán An Jẹ

Ìròyìn tó kọ́kọ́ jí ní òpópónà wa láàárọ̀ ọjọ́ Ajé ni pé bàtà ti gé ẹni tó rán an jẹ. Ẹ má ṣì mí gbọ́. Wọn ò ní ó fún un lẹ́sẹ̀, wọn ò sì ní ó bó o lára. Eyín ni wọ́n ní ó fi gé e. Onígbàjámọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti aránbàtà ló fojú ara rẹ̀ rí i: bàtà dúdú kan la ẹnu gbàgà, eyín irin tò sí i nísàlẹ̀, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ aránbàtà wà láàárín ẹnu náà, ó pọ́n, ó wú, ó ń dán bíi tòmátì. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, bàtà ti ń gbó bí ajá. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti jẹ ìka méjì kúrò, wọ́n ní ó tún ń wo ìkẹta.

Ẹsẹ̀-ò-ní-mọ̀ là ń pe aránbàtà náà, torí ohun tó kọ gàdàgbà sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nìyẹn: wọ bàtà mi, ẹsẹ̀ ò ní mọ̀. Ṣọ́ọ̀bù náà fẹ̀ tó àpótí aṣọ. Bí oníbàárà méjì bá wọlé pọ̀, ọ̀kan gbọ́dọ̀ jókòó lé awọ, òórùn gọ́ọ̀mù á sì tẹ̀ lé àwọn méjèèjì délé bí àna tí kò níṣẹ́. Àmọ́ bàbá yìí ní àṣà kan tó fi ń yangàn. Kò sí irú bàtà tuntun tó ń jáde níbẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ kì í kọ́kọ́ rán sí ìwọ̀n ẹsẹ̀ ara rẹ̀, kó wọ̀ ọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ó ní, "Àwọn onímọ̀ ń fi eku dán oògùn wò. Èmi ni eku ara mi."

Eku wá rí iṣẹ́ ńlá. Mánẹ́jà òtẹ́ẹ̀lì kan ní kó rán bàtà fún gbogbo àwọn tó ń gbé oúnjẹ fún àlejò, àwọn tó jẹ́ pé orí ìdúró ni wọ́n ń bá ọjọ́ dé alẹ́. Ọjọ́ Àìkú ló dán àkọ́kọ́ wò. Ó rìn títí, ẹsẹ̀ ò mọ̀. Ó bá lọ fi àwo ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ki ara rẹ̀ kú iṣẹ́, ìgò bíà sì tò sórí tábìlì bí ọmọ ogun tó ń dúró de ọ̀gágun. Lẹ́yìn náà ló bọ́ bàtà, ó sùn.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, àtàǹpàkò jí i. Ìrora náà kò fi ìwé ránṣẹ́ ṣáájú, ó kàn dé pẹ̀lú ẹrù rẹ̀ ni.

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Kí lẹ̀ ń ké fún?"

"Nǹkan gorí ẹsẹ̀ mi. Bíi lọ́rì."

"Aṣọ ìbora ni."

"Gbé e kúrò. Pa fáànù. Má mí síbẹ̀."

Ẹlòmíì ì bá gba ilé ìwòsàn lọ. Àmọ́ ògbóǹtarìgì ni tiwa. Ó ní ìṣó ló wà nínú bàtà. Ó mú ọ̀bẹ, ó la iwájú bàtà, ó tú u wò bí ìgbà tí aṣọ́bodè ń tú ẹrù onífàyàwọ́. Kò rí ìṣó tó yọ orí sí ẹsẹ̀. Nígbà tí kò sí ohun mìíràn tó gba àtàǹpàkò mọ́, ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà tó là náà, ó tiro lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù, ìṣó àtẹ́lẹ̀ ń yọ níbi tó ti là. Eyín tí onígbàjámọ̀ rí nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ dé òtẹ́ẹ̀lì kí aránbàtà tó jókòó. Mánẹ́jà ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ lọ́jọ́rú, àwọn á jọ sọ̀rọ̀. A mọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí bàtà bá jẹ̀bi, iṣẹ́ lọ, orúkọ lọ, kí bàbá máa wá ọ̀dà tí yóò fi pa àkọlé ẹnu ọ̀nà rẹ́.

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fáwọn èèyàn pé òkúta lòun fẹsẹ̀ kọ.

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Òkúta wo? Orí bẹ́ẹ̀dì kọ́ lẹ wà? Ọrùn ẹsẹ̀ yín wú báyìí lọ́dún tó kọjá, òjijì náà ni, ó sì lọ fúnra rẹ̀. Àga lẹ dá lẹ́bi nígbà yẹn. Bàbá yín náà ní àtàǹpàkò tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ sún mọ́. Ṣé bàtà yìí lòun náà wọ̀?"

Bó ṣe dé ilé ìwòsàn nìyẹn. Dókítà, obìnrin kan tí bàbá yìí lè bí lọ́mọ, wo ẹsẹ̀ náà láìfọwọ́ kàn án, ìyẹn nìkan ti tó kí bàbá súre fún un.

"Bàbá, ṣé òjijì ló dé? Oríkèé kan ṣoṣo? Ara yín ń gbóná, àbí ẹ̀ ń gbọ̀n?"

"Ara ò gbóná. Ìka nìkan ló ń jóná."

"Ó jọ gáòtù, àrùn oríkèé kan. Àmọ́ mi ò ní fojú lásán búra. Kòkòrò àrùn lè wọ oríkèé kó rí báyìí gẹ́lẹ́, ìyẹn sì ń ba oríkèé jẹ́ kíákíá. Ẹni tí ara rẹ̀ bá tún ń gbóná, kó má dúró dọ̀la."

Ó fi abẹ́rẹ́ fa omi inú oríkèé náà, ó fi awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wò ó. Ó ní iyọ̀ kan tí kíndìnrín ì bá tọ̀ dànù ló ṣẹ́ kù sára, tó dì síbẹ̀ ṣóńṣó ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́. Ó gba ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú, ó sì kìlọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ lè dá a láre, bí ẹni pé iyọ̀ náà kò pọ̀, nígbà tí ìrora bá ń lọ lọ́wọ́, kó má tìtorí ẹ̀ jó. Àrùn náà ń ti ìdílé wá, ó ní, bíà àti kíndìnrín màlúù sì ń ràn án lọ́wọ́.

Nǹkan ṣóńṣó wà níbẹ̀ lóòótọ́, ẹnu tí eyín náà wà gan-an ni onígbàjámọ̀ ò mọ̀. Àmọ́ wàhálà dé. Gbogbo òpópónà ló ti gbọ́ ìbúra bàbá pé òun ò fẹnu kan ọtí mọ́ látìgbà tí àga gé e lọ́rùn ẹsẹ̀. Láti gba bàtà là, ó ní láti tú àṣírí ara rẹ̀.

Lọ́jọ́rú, mánẹ́jà dé. Èrò kún ẹnu ọ̀nà, àwọn kan tí wọn ò ní bàtà rí náà wá. Ẹsẹ̀-ò-ní-mọ̀ gbé ẹsẹ̀ lásán lé orí àpótí.

Ó ní, "Ọ̀gá, bàtà wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì nígbà tó ṣẹlẹ̀, èmi wà lórí ẹ̀. Gáòtù ni. Mo mu bíà. Mo jẹ kíndìnrín. Èyí tó kù, bàbá mi ló fi sílẹ̀ fún mi. Bàtà ò mọwọ́ mẹsẹ̀."

Ìyàwó rẹ̀ wúkọ́. Mánẹ́jà wo bàtà tó là, ó mú èkejì tí kò là, ó bọ́ tirẹ̀, ó wọ̀ ọ́, ó rìn lọ rìn bọ̀ lójú títì, ó ní ẹsẹ̀ òun ò mọ̀.

Onígbàjámọ̀ ní, "Ìka méjì tó jẹ wá ńkọ́?"

Ẹsẹ̀-ò-ní-mọ̀ ní, "Ìwọ, sún mọ́bí. Kà wọ́n sókè kí gbogbo wọn gbọ́. Àmọ́ tó o bá dé orí àtàǹpàkò, ojú ni kó o fi kà á."