Bí Verlene Stoddard Ṣe Gboyè Tipátipá

Àwọn tó ń sá fún ìwé pọ̀ ní Clinch Fork ìlú wa. A mọ̀ wọ́n, àwa la bí díẹ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kàwé tọkàntọkàn, tó ń gba máàkì tó jọjú, tó wá ń sá fún oyè bí ẹni ń sá fún ọlọ́pàá, ẹyọ kan ṣoṣo la ní, ìyá àgbàlagbà tórí rẹ̀ ti funfun sì ni. Verlene Stoddard lorúkọ rẹ̀. Ẹ má tíì bínú sí i, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ ná.

Ṣòkòtò ni Verlene fi gbogbo ìgbà èwe rẹ̀ rán ní ilé-iṣẹ́ tó wà lẹ́bàá ojú irin, títí àwọn tó ni ín fi kó máṣíìnì wọn lọ sí ilẹ̀ ibòmíràn tí wọn ò ti ní sanwó gidi fún ẹnikẹ́ni. Dub ọkọ rẹ̀ ń pín lẹ́tà ní tirẹ̀, yunifásítì sì wà lára ibi tó ń pín in dé. Bó bá ti di àṣálẹ́, tí wọ́n jókòó ti oúnjẹ, Dub á bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ohun tó rí lára ilẹ̀kùn àwọn olùkọ́.

"Verlene, ọkùnrin kan so àwòrán ìsàlẹ̀ òkun mọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ o. Ṣé o mọ̀ pé òkè wà lábẹ́ omi?"

"Irọ́ lò ń pa."

"Òkè gidi! Ó ga ju tiwa níbí lọ. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé, nígbà tí omi ti bò ó mọ́lẹ̀, ta ló lọ wọn gíga rẹ̀?"

"O ò ṣe bi í?"

"Lẹ́tà ni wọ́n ní kí n gbé lọ, wọn ò ní kí n gbé ìbéèrè lọ."

Àwọn méjèèjì wá fẹnu kò pé bí Dub bá ti fẹ̀yìn tì, àwọn á jọ wọ yunifásítì náà, àwọn á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara àwọn, àwọn á sì bi wọ́n. Dub fẹ̀yìn tì lóòótọ́. Kí igi tó wọ́wé lọ́dún náà, ó ń gé koríko iwájú ilé lọ́wọ́ ni ọkàn rẹ̀ dákẹ́. Verlene sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Nígbà tó sunkún tán, ó wọ bàtà, ó lọ forúkọ sílẹ̀.

Láti ìgbà náà ló ti ń kàwé. Ó kọ́ nípa kòkòrò, ó kọ́ èdè Jámánì, ó kọ́ nípa ogun abẹ́lé, ó sì bá olùkọ́ jà lórí ẹ̀. Ìlà kejì ló máa ń jókòó sí, báàgì rẹ̀ á wà lórí àga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ jókòó síbẹ̀, ohun kan náà ló ń gbọ́: "Ẹnì kan wà níbẹ̀." Kíláàsì òkun nìkan ni wọn ò jẹ́ kó wọ̀, nítorí àwọn tó ti gboyè ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀.

Ibi tí wàhálà wà rèé. Òfin ilé ẹ̀kọ́ náà ni pé àgbàlagbà tí kò tíì gboyè kankan á san owó táṣẹ́rẹ́. Bó bá ti gboyè báyìí, owó tí gbogbo ayé ń san lòun náà á máa san. Owó ìfẹ̀yìntì Verlene ò sì lè gbé e. Ìyẹn ni Verlene ṣe ka gbogbo ohun tó yẹ kó kà tán, tó wá fi kíláàsì kan ṣoṣo sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn, ìyẹn kíláàsì ọ̀rọ̀ sísọ níwájú àwùjọ. Tí wọ́n bá ní kó forúkọ sílẹ̀ fún un, á di ọrùn mú, á ní ọ̀fun ń dun òun. Ọ̀fun yìí kan náà ló ń borí gbogbo akọrin ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi lọ́jọ́ Ìsinmi o! Gbogbo wa gbọ́ ọ, gbogbo wa panu mọ́.

Ó ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí ìjọba ìpínlẹ̀ fi yí òṣùwọ̀n padà. Wọ́n ní àwọn ò ní máa fi iye orí tó wọlé pín owó fún yunifásítì mọ́. Iye tó bá kàwé jáde làwọn ó máa wò. Tó bá sì jẹ́ àgbàlagbà ló jáde, àwọn á kà á bí ẹni tó fẹ́ẹ̀ tó èèyàn méjì, nítorí wọ́n mọ̀ pé kò rọrùn. Dókítà Pruitt, obìnrin tí wọ́n fi ṣe olórí ètò ìdíwọ̀n yìí, ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó rí Verlene: àgbàlagbà ni, ó ku kíláàsì kan ṣoṣo. Inú rẹ̀ dùn bí ẹni tó rí ẹja ńlá nínú omi tó ti fẹ́ gbẹ.

Ó pe Curtis Applewhite, ọkùnrin kan tó máa ń so táì kékeré mọ́ ọrùn, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa lé àwọn tí kò parí ìwé kiri.

"Mú ìyá yẹn wá fún mi," ni Pruitt wí. "Mi ò fẹ́ gbọ́ àwáwí."

Curtis bá Verlene ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀, ó ń bó ẹ̀wà tútù.

"Ẹ káàsán, Mísì Verlene. Yunifásítì ló rán mi sí yín, mà."

"Ó dáa. Ṣé o ti jẹun?"

"Mi ò wá jẹun, mà. Ọ̀rọ̀ kíláàsì tó kù yẹn ni."

"Mi ò bi ẹ́ ní ohun tó o wá ṣe. Mo ní, ṣé o ti jẹun?"

Kò tíì jẹun. Verlene gbé adìyẹ díndín síwájú rẹ̀, ó gbé tíì oníyìnyín tì í, ó ń bi í léèrè ìyá rẹ̀, àbúrò ìyá rẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìsìn, títí ilẹ̀ fi ń ṣú lọ. Nígbà tó dìde tó fẹ́ máa lọ, Verlene gbé páì ọ̀dùnkún lé e lọ́wọ́ nínú abọ́ búlúù kan. Bó ṣe fi abọ́ de Curtis mọ́lẹ̀ nìyẹn. Ẹni tí wọ́n bá kọ́ dáadáa ní agbègbè wa kì í dá abọ́ olóúnjẹ padà lófìfo, ìbáà ṣe tòmátì ẹ̀yìnkùlé ló máa fi sínú rẹ̀. Wọ́n sì kọ́ Curtis dáadáa.

Ó padà wá pẹ̀lú ẹ̀wà tó fọwọ́ ara rẹ̀ sè. Ẹ̀wà náà le, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Verlene jẹ ẹ́, ó ní ó dáa, ó tún fi ohun mìíràn kún abọ́ náà. Ó di pé abọ́ ń lọ, abọ́ ń bọ̀. Gbogbo ìgbà tí Curtis bá fẹ́ dárúkọ kíláàsì, ẹnu rẹ̀ á ti kún fún oúnjẹ.

"Curtis," ni Pruitt wí lọ́jọ́ kan, "mo rán ẹ sí obìnrin yẹn láti ìgbà ooru. Ó ti parí ìwé?"

"Rárá, mà."

"Ìwọ rèé, o ti sanra. Ìyẹn nìkan ni mo rí."

Pruitt wá gbé ọgbọ́n mìíràn dìde. Ó pe gbogbo àgbàlagbà tó ń kàwé sí ìpàdé nínú gbọ̀ngàn ńlá, ó ní kéèkì máa wà. Ó tún rọra pe Ọ̀gbẹ́ni Ledbetter, olùkọ́ ọ̀rọ̀ sísọ, kó wá jókòó sẹ́yìn. Verlene wá nítorí kéèkì. Curtis náà wá, kò mọ nǹkan kan.

Pruitt gun orí pèpéle, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo èèyàn, ó ní: "Ó ṣeni láàánú pé ẹnì kan wà láàárín wa tó ń fà wá sẹ́yìn. Kíláàsì kan ló kù ú. Ẹ̀rù ló ń bà á, kò lè sọ̀rọ̀ níwájú èèyàn. Ẹ jẹ́ ká máa bá a kẹ́dùn."

Verlene gbé kéèkì sílẹ̀, ó dìde.

"Ẹ̀rù kẹ̀? Ta lẹ̀rù ń bà? Dókítà Pruitt, mo ti sọ̀rọ̀ níwájú ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ṣòkòtò lọ́jọ́ tó ní ká má máa lọ tọ̀ mọ́, gbogbo wa la sì lọ tọ̀. Mo sọ̀rọ̀ níwájú pósí ọkọ mi, ohùn mi ò gbọ̀n. Ẹ̀yin lẹ̀rù ń bà, ẹ̀rù ìjọba ló ń bà yín! Ẹ ní mò ń fà yín sẹ́yìn. Kí ni mo fà? Mò ń wá lásìkò, mò ń ka ìwé mi. Bí àárò ilé bá ń sọ àwọn ọmọ wọ̀nyí, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń wá sunkún. Ṣé ìyẹn wà nínú òṣùwọ̀n yín? Ẹnu ọ̀nà àbájáde lẹ jókòó sí tí ẹ ń ka èèyàn. Èmi, ẹnu ọ̀nà tí mo bá wọlé ni mò ń rántí. Èmi àtọkọ mi la jọ fẹ́ gbà á. Èmi nìkan ni mo dé. Ẹ jẹ́ kí n jókòó jẹ́ẹ́ síbi tí mo wà."

Gbọ̀ngàn hó yèè. Àwọn kan ń nu ojú. Curtis pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ń ta á.

Ìgbà yẹn ni Ọ̀gbẹ́ni Ledbetter dìde lẹ́yìn, kéèkì wà létí ẹnu rẹ̀. "Ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa," ló wí. "Àárín rẹ̀ dúró, ìparí rẹ̀ wọni lára, kò sì wo ìwé rárá. Òfin fún mi láyè láti jẹ́ kí ẹni tó bá ti mọ̀ ọ́n yege láì wọ kíláàsì. Ìyá yìí ti yege."

"Mi ò ní kó o dán mi wò!" Verlene lọgun.

"Òfin ò ní dandan kẹ́ ẹ ní kí n dán yín wò, mà."

Pruitt ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹni tó bá ti ka gbogbo rẹ̀ pé, kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ló ń fún un lóyè, wọn kì í bi í bóyá ó fẹ́. Verlene Stoddard ti fẹnu ara rẹ̀ lé ara rẹ̀ jáde. Háà! Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, mo sì rẹ́rìn-ín. Ẹ foríjì mí.

Ìwé-ẹ̀rí dé nínú lẹ́tà. Verlene tì í sábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ìfọṣọ tó máa ń mì. Nígbà tí sáà tuntun wọlé, tí àwọn onífèrè yunifásítì ń dánra wò tí ìró wọn ń dé ilé rẹ̀, ó jókòó sídìí tábìlì, báàgì rẹ̀ wà lórí àga kejì. Kò síbi tó máa gbé e lọ. Ó dùn ún ju ọjọ́ tí wọ́n sin Dub lọ, nítorí lọ́jọ́ yẹn, ó ṣì ní ohun tó fẹ́ lọ ṣe. Abọ́ búlúù ṣì wà lọ́dọ̀ Curtis. Ojú ń tì í láti gbé e wá.

Ọdún yípo. Ìjọba kọ̀wé wá pé, àwọn tí ẹ ní wọ́n jáde lọ́dún tó kọjá, níbo ni wọ́n wà báyìí? Ṣé wọ́n ń ṣiṣẹ́? Ṣé wọ́n ń kàwé sí i? Ẹni tó bá jókòó sílé lásán, máàkì máa lọ lórí rẹ̀ o. Àgbàlagbà tí wọ́n sì kà bí ẹni tó fẹ́ẹ̀ tó méjì nígbà tó ń jáde, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n máa kà á tó bá jókòó sílé. Pruitt ka ìwé náà, ó gbá orí mú. Curtis sá jáde lọ́fíìsì kí wọ́n má baà rí i pé ó ń rẹ́rìn-ín.

Ó ṣe páì fúnra rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan jóná, ó gbé e lọ nínú abọ́ búlúù.

"O ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rántí mi," ni Verlene wí.

"Ẹ máa bínú, mà. Wọ́n ní kẹ́ ẹ padà wá. Wọ́n ń bẹ̀ yín."

Nígbà tó ṣàlàyé tán, Verlene bu páì jẹ, ó ń ṣa ibi tí kò jóná. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀.

"Sọ fún Pruitt kó wá bẹ̀ mí fúnra rẹ̀. Kó má sì wá lọ́wọ́ òfìfo."

Pruitt wá o! Páì ilé ìtajà ló rà, ó dà á sínú abọ́ ara rẹ̀ bí ẹni pé òun ló ṣe é. Verlene tọ́ ọ wò, ó wò ó lójú. Ojú Pruitt pọ́n. Kó tó dìde ńlẹ̀, ó ti gbà pé Verlene máa ka oyè kejì láì san kọ́bọ̀, kíláàsì òkun ló sì máa fi bẹ̀rẹ̀.

"Àmọ́ oyè kejì náà ní ìparí o," ni Pruitt wí. "Ẹ máa dúró níwájú àwọn olùkọ́, ẹ máa sọ̀rọ̀ lórí ohun tẹ́ ẹ kà."

Verlene di ọrùn mú. "Ṣé ẹ rí ọ̀fun yìí? Ó ti tún bẹ̀rẹ̀."

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó jókòó sí ìlà kejì, báàgì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kíláàsì ti kún nígbà tí Curtis wọlé tòun ti ìwé àti bírò. Òṣìṣẹ́ yunifásítì lè ka kíláàsì kan lọ́fẹ̀ẹ́, àmọ́ Curtis ò kà á rí.

"Ẹnì kan wà níbẹ̀," ẹnu Verlene ti wí kó tó mọ̀.

"Mo mọ̀, mà," ni Curtis dáhùn, ó yí padà láti wá ibòmíràn.

Verlene wo báàgì náà fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé e sílẹ̀. "Curtis. Wá jókòó. Ẹni tó nibẹ̀ máa ń hanrun. Bí ìwọ náà bá hanrun, màá fi bírò gún ẹ."

Olùkọ́ wọlé, arúgbó kan ni, ó tú àwòrán ńlá kan tó ti gbó, ó so ó mọ́ ilẹ̀kùn. Òkè wà nínú rẹ̀ lábẹ́ omi, wọ́n tò lọ gbọọrọ. Verlene ò gbọ́ ohun tí ọkùnrin náà ń sọ nípa ìwé tí wọ́n máa rà. Ó ti nawọ́ sókè.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà?"

"Ọkọ mi ní kí n bi yín," ni Verlene wí, ohùn rẹ̀ sì ń gbọ̀n níwájú gbogbo kíláàsì. "Nígbà tí omi ti bò ó mọ́lẹ̀, ta ló lọ wọn gíga rẹ̀?"