Bí A Ṣe Wá Olóbì Lọ sí Òkukù

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ nígbà tí Àǹtí Dókítà kan fèrèsé mi ní Ìkìrun. Ọmọ ìyá onílé wa ni wọ́n, Ìbàdàn ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Wọn kì í tọ́jú aláìsàn. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń ṣèwádìí rẹ̀, bí ara ṣe ń la ọ̀nà fún ẹ̀jẹ̀ láti inú oyún. Wọ́n ní ara wa kún fún sẹ́ẹ̀lì, àwọn nǹkan kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí. Tí wọn kò bá di ara wọn mú, ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ kò ní dúró, oúnjẹ kò sì ní dé ọ̀dọ̀ ọmọ.

Ìdí nìyí tí a fi ń lọ sí Òkukù. Ẹ̀gbọ́n mi, Àǹtí Rófíà, ń rọbí níbẹ̀. Ọmọ méjì ti kú sí wọn nínú, ẹnikẹ́ni kò sì mọ ohun tó fà á. Àǹtí Dókítà fẹ́ yẹ olóbì èyí, ìyẹn ibi ọmọ, wò ní tútù, bóyá wọ́n á rí ìdí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi àti ìyá ọkọ wọn ti gbà.

Kò sí iná ní Ìkìrun láti ọjọ́ mélòó kan, nítorí náà a yà ní Ìnísà láti ra omi inú ọ̀rá tó ti dì, a kó o sínú kúlà tí a ó fi gbé olóbì náà. Ọ̀nà náà kún fún kòtò. Awakọ̀ ń wo kúlà wa.

"Ẹ̀yin àǹtí, ṣé mínírà lẹ gbé? Ẹ rántí ẹni tó ń wa ọkọ̀ o!"

"Omi dídì lásán ni," ni Àǹtí Dókítà wí.

"Háà! Ìyẹn náà ò burú, oòrùn ń bọ̀."

Bó ṣe ń rẹ́rìn-ín ni fóònù mi dún. Ìyá ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ni. Rófíà ti bímọ, ọmọ kò ké. Awakọ̀ pa rédíò. Àǹtí Dókítà gba fóònù lọ́wọ́ mi.

"Màmá, ẹ kú ìrọ́jú. Ọlọ́run á tù yín nínú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tọ́jú olóbì yẹn, kó má bàjẹ́ ká tó dé."

"Mo ti gbọ́. Kò ní bàjẹ́."

Nígbà tí a dé, àwọn àgbà ti gbé òkú ọmọ lọ. Màmá gbé abọ́ tuntun jáde, wọ́n fi aṣọ funfun bò ó.

"Omi gbígbóná ni mo fi fọ̀ ọ́. Mo sì fi iyọ̀ ra á dáadáa, bí a ṣe ń ṣe ẹran iléyá. Ó lè dé Ìbàdàn láìrùn."

Àǹtí Dókítà ṣí aṣọ náà. Olóbì ti funfun bí ẹran bíbọ̀.

"Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Ẹ ṣeun."

Àǹtí Dókítà fà mí lọ sẹ́yìn ilé. "Gbogbo sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ló ti kú. N kò lè mọ̀ mọ́ bóyá wọ́n di ara wọn mú. Èmi ni mi ò sọ bí wọ́n á ṣe tọ́jú ẹ̀."

Wọ́n ní kí Màmá jẹ́ ká sin ín. Nílé wa ní Ìkìrun, bàbá ọmọ ló ń gbẹ́ ilẹ̀ olóbì. Níbí, Màmá kò jẹ́ kí ọmọ wọn, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, fọwọ́ kan ọkọ́. Àwọn fúnra wọn ló gbẹ́ ẹ.

Nínú yàrá, Àǹtí Rófíà kọjú sí ògiri.

"Ṣé wọ́n rí ohun tó ń pa àwọn ọmọ mi?"

Mo mi orí pé rárá.

"Ṣé kí n tún lóyún mìíràn ni, kí wọ́n tó lè mọ̀?"

Mo jókòó tì wọ́n.

Nígbà tí à ń padà, Àǹtí Dókítà gbé kúlà náà lé itan títí a fi kọjá Ìnísà. Ohun tí mo rí kọ́ nínú ìrìn àjò yìí ni pé bí ènìyàn bá fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni, ó yẹ kó kọ́kọ́ jókòó ti onítọ̀hún, kó bi í bó ṣe máa ń tọ́jú nǹkan.

Ìyá mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn aṣọ nígbà tí mo wọlé.

"Kí ni wọ́n ló pa á?"

"A ò mọ̀, Ìyá."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ká àwọn aṣọ ọmọ tí wọ́n ti fọ̀ sílẹ̀. Wọn kò tíì gbẹ. Wọ́n ń pa wọ́n pọ̀ bẹ́ẹ̀, ní tútù.