Ìtàn Opó Tí Ọkọ Rẹ̀ Wà Láàyè

Wàláhì, òótọ́ pọ́ńbélé ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ yìí. Ẹ̀yin ọmọ ọmọ mi tẹ́ ẹ máa ń wo ara yín lójú bí mo bá ti lanu, ẹ fi tòní jì mí. Ọ̀rọ̀ Sìdíkátù ni, ojú mi ló sì ṣe.

Ayálégbé mi ni Sìdíkátù ní Igando. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó ń ta bọ́tìnnì, síìpù àti òwú ìránṣọ ní Ìkòtún. Ọkọ rẹ̀, Zikrullah, káfíńtà orí òrùlé ni. Òun ló ń kan páànù sórí ilé tí wọ́n ń kọ́ káàkiri Command títí dé Ìpájà. Obìnrin yìí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá sọ fún ọ bí oníbàárà kan ṣe jí síìpù rẹ̀, wàá fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọwọ́ olè náà mú.

Ní ọdún 2009 ni Màmá Tíṣà dé sáàárín wa. Agnes Olúbọ̀dé lorúkọ wọn, ọmọ Èkìtì, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ni. Wọ́n bẹ ẹgbẹ́ onílé pé ká yá wọn ní gbọ̀ngàn wa lọ́jọ́ Sátidé, pé àwọn fẹ́ máa kọ́ ará àdúgbò ní ìtàn kíkọ, lọ́fẹ̀ẹ́. Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ wà. Mo ní màá jókòó tì wọ́n lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kó má lọ jẹ́ ìpàdé òṣèlú. Mi ò dìde mọ́. Ẹni tó ti ń purọ́ láti kékeré láìgba ìwé ẹ̀rí, tó wá rí ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ọ, kí ló tún fẹ́ lọ ṣe nílé?

Ẹ jẹ́ kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin náà kí n tó gbàgbé. Wọn kò lé ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ń lẹ táyà wá, ẹni tó ń dirun wá, Julius náà wá, akọ̀wé ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì, tó lè bá ògiri jiyàn. Màmá Tíṣà ní kí kálukú kọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Wọ́n tún ní bí a bá ń tú ìtàn ẹnì kan wò, kí ẹni tó kọ ọ́ pa ẹnu mọ́. Ìtàn tó bá ń fẹ́ kí olówó rẹ̀ gbèjà òun kò tíì jinná.

Sìdíkátù kọ ìtàn opó kan, ó sì fi "èmi" kọ ọ́, bí ẹni pé òun gan-an ni. Màmá Tíṣà ti ní kí a máa ka ìtàn wa sókè títí ahọ́n yóò fi yọ̀ lórí rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ọjà kò yá, ó kà á nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀: "Láti ọjọ́ tí ọkọ mi ti já bọ́ lórí òrùlé, mi ò tíì sùn." Lucy tó ń ta aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù kejì gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn pákó. Kò bi í léèrè. Ó ti ìsọ̀ rẹ̀ pa, ó bú sẹ́kún, ó kọrí sí Igando.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, àwọn abánikẹ́dùn ti kún àgbàlá mi. Wọ́n gbé búrẹ́dì wá, wọ́n gbé omi inú ọ̀rá wá, àlùfáà kan sì ti ń wá ibi tí yóò jókòó sí ṣe àdúà. Zikrullah tó tètè dé láti ibi iṣẹ́ wà ní balùwẹ̀. Ó gbọ́ ẹkún, ó so táwẹ́ẹ̀lì mọ́dìí, ó jáde wá béèrè ẹni tó kú. Àlùfáà gbàgbé àdúà.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yé àwọn ènìyàn, wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Zikrullah kò rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ pè láti Ògbómọ̀ṣọ́, ó ní irú aya wo ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ikú ọkọ. Bí ọkùnrin náà ṣe ní kí ìyàwó rẹ̀ má dé kíláàsì mọ́ nìyẹn. Ibi tí mo jókòó sí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ tó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé, "Ìyá Aasiyah, ẹni tó kọ ọ́ débi tí gbogbo Ìkòtún fi gbà á gbọ́, ó ti ń rò ó tipẹ́."

Ní Sátidé, àga Sìdíkátù ṣófo. Màmá Tíṣà ní àwọn kò ní dá sí ọ̀rọ̀ tọkọtaya. Èmi dá sí i. Ṣebí èmi ni mo ni ilé?

"Zikrullah, ṣé o ti ka ìtàn náà?"

"Bàbá, kí lẹ fẹ́ kí n kà níbẹ̀? Ibi tí wọ́n ti sin mí àbí?"

"Wá gbọ́ ọ. Bí o bá rí èpè kan níbẹ̀, èmi fúnra mi ni màá ti gbọ̀ngàn náà pa."

Ó ní òun níṣẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí Sátidé tún pé, òjò sú, ó rọ̀ bí ẹni tí inú ń bí. Ta ló ń kan páànù nínú òjò? Ó tẹ̀lé ìyàwó rẹ̀ wá, ó jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó káwọ́ gbera.

Sìdíkátù kà á. Opó inú ìtàn yìí fẹ́ fọ ṣòkòtò iṣẹ́ ọkọ rẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ omi ọṣẹ, ìṣó tó wà nínú àpò gún un. Ó ṣa àwọn ìṣó náà, kò mọ ibi tí yóò kó wọn sí. Ó wá rántí pé nígbà ayé ọkọ òun, bí fóònù bá dún ní ṣọ́ọ̀bù, òun máa ń jẹ́ kó dún díẹ̀ kí òun tó gbé e, kí òun lè ṣì jẹ́ ìyàwó, kì í ṣe opó, fún ìwọ̀nba ìgbà yẹn.

Julius ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní ìtàn dára, ṣùgbọ́n ọkọ inú rẹ̀ kò níwà kankan, kò ṣe ju kó kú lọ. Sìdíkátù fi eyín di ètè, òfin ni. Zikrullah ló dìde.

"Ọ̀gá, ọkùnrin náà ò mọ̀ ni. Ìyàwó rẹ̀ ò sọ fún un rí pé fóònù ń ba òun lẹ́rù." Ó yíjú sí aya rẹ̀. "Ṣé bó ṣe máa ń ṣe ọ́ nìyẹn?"

Sìdíkátù wo ojú Màmá Tíṣà. Wọ́n mi orí sí i pé kó dáhùn.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá Aasiyah. Lójoojúmọ́ tí ẹ bá ti jáde."

Zikrullah padà jókòó. Nígbà tí Sátidé mìíràn dé, òun ló ń bi ìyàwó rẹ̀ pé kí ló ṣì ń ṣe nílé.

Láti ìgbà náà, gbogbo ìgbà tó bá ti sọ̀ kalẹ̀ lórí òrùlé ló máa ń fíláàṣì rẹ̀. Fóònù á dún lẹ́ẹ̀kan, á dákẹ́. Sìdíkátù kò ní gbé e, ó ti mọ̀ pé ẹsẹ̀ ọkọ òun ti kan ilẹ̀. Lucy ní ahun ni ọkùnrin náà, pé kí ló dé tí kò lè ra káàdì. Sìdíkátù jẹ́ kó máa rò bẹ́ẹ̀. Ó tún ìtàn rẹ̀ kọ, ó fi fíláàṣì sí i, ó sì mú un bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí fíláàṣì kò dé. Nígbà tó kà á tán, Julius gan-an ní kó tún un kà.

Màmá Tíṣà ti padà sí Èkìtì, kí Ọlọ́run máa ṣọ́ wọn fún wa. Sìdíkátù ló ń kọ́ àwọn ènìyàn ní Sátidé báyìí. Mo ti gbé kọ́kọ́rọ́ fún un.

Ohun kékeré kan ló kù, nítorí mo ti búra. Òjò ò rọ̀ lọ́jọ́ tí Zikrullah tẹ̀lé ìyàwó rẹ̀ wá sí gbọ̀ngàn. Oòrùn ràn gan-an ni, irú èyí tí àwọn káfíńtà ń tọrọ, òrùlé kan sì wà ní Command tó fi sílẹ̀ láìbò. Zikrullah ló bẹ̀ mí pé kí n ṣáà sọ pé òjò ni.