Àpò Lẹ́búlẹ́bú Kejì

Tí wọ́n bá ń gé pákó MDF, èyí tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú igi àti gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀, òórùn kan máa ń jáde lára rẹ̀ tí kì í ṣe òórùn igi. Ó máa ń ta èèyàn nímú, ó sì máa ń korò lọ́fun bí àgbo tí wọ́n fipá rọ ọmọdé. Òórùn yẹn ló gba ẹ̀yìn ilé wa kan ní Ayọ̀bọ̀ lọ́dún tí mo kọ́kọ́ dá dúró gẹ́gẹ́ bí káfíńtà. Ṣọ́ọ̀bù mi ò ju páànù mẹ́fà lórí òpó mẹ́rin lọ, láàárín ilé ìdáná ìyá mi àti fẹ́ǹsì. Mo fọwọ́ ara mi kan tábìlì fún ráútà, ẹ̀rọ tó ń fín igi: mo dojú ẹ̀rọ náà sókè lábẹ́ pákó, mo lu ihò kan kí irin tó ń gé nǹkan lè yọ lójú tábìlì, mo sì ń fi fín etí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù. Iṣẹ́ náà wu ojú, àmọ́ eruku rẹ̀ kì í balẹ̀ bọ̀rọ̀. Ó wà lára aṣọ tí a sá, ó wà nínú ìkòkò.

Ìyá mi ní, "Mo fi iyọ̀ sí ọbẹ̀, ìwọ fi tábìlì sí i. Ṣé ká máa fi síbí jẹ ẹ́ ni àbí ká fi ìṣó kàn án?"

Mo wo fídíò lórí fóònù títí ó fi yé mi. Mo ra ẹ̀rọ àlòkù tí wọ́n fi ń fa ìdọ̀tí orí kápẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣa nǹkan ní ààtàn Ìgàndò, mo tún mọ́tò rẹ̀ ṣe. Mo kan àpótí yí ráútà ká lábẹ́ tábìlì, mo fi páìpù omi so ó mọ́ ike ọ̀dà ńlá tó ní ìdérí, mo sì so ike náà mọ́ ẹ̀rọ. Tí ẹ̀rọ bá ń fà, eruku á wọ inú ike, á máa pòyì, á wá jókòó sísàlẹ̀. Ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, torí gbogbo ibi tí páìpù ti pàdé ló ń jò, àfìgbà tí mo fi rọ́bà inú táyà wé wọn. Lọ́jọ́ tó ṣiṣẹ́, mo fọwọ́ nu ojú tábìlì, ọwọ́ mi mọ́. Mo ṣí ike, mo rí lẹ́búlẹ́bú tó kúnná bí èlùbọ́. Inú mi dùn débi pé mo pe ìyá mi wá wò ó.

Òdìkejì fẹ́ǹsì ni màmá kan ń gbé, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Ọkọ rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ wà lọ́nà jíjìn, adìẹ ló kù tó ń sìn. Ó máa ń sọ fún ìyá mi pé bí kì í bá ṣe adìẹ, òun ò mọ ohun tí òun ì bá máa torí ẹ̀ dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Ìwọ náà mọ̀ pé àwọn ẹlẹ́dìẹ máa ń gba èérún pákó lọ́wọ́ káfíńtà, kí wọ́n lè tẹ́ ẹ sílẹ̀ fún adìẹ. Ó ti pẹ́ tó ti ń gba tèmi, èyí tó ń jáde lára igi gidi tí mo bá fá, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tó ká jọ bí ewé gbígbẹ. Lọ́sẹ̀ yẹn ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó òròmọdìẹ dé ni. Mo da ohun tó wà nínú ike sínú àpò ìrẹsì, mo gbé e kọjá lórí fẹ́ǹsì fún un.

Ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. "Èyí mà kúnná o. Orí tìmùtìmù làwọn ọmọ mi máa sùn."

Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó pè mí kí n wá bá òun gbẹ́ ilẹ̀. Mo mú ọ̀kan nínú wọn. Ihò imú rẹ̀ ti dí. Mo tẹ àpò ọrùn rẹ̀, níbi tí oúnjẹ máa ń kọ́kọ́ dúró sí, ó le koko. Àwa káfíńtà máa ń po lẹ́búlẹ́bú mọ́ gọ́ọ̀mù láti fi dí ihò ìṣó. Tó bá gbẹ, òkúta ni. Ọwọ́ mi ti mọ̀ pé lẹ́búlẹ́bú mi ni mo tẹ̀ kí orí mi tó gbà.

Màmá ní, "Èédú tó ń mú wọn móoru ló kú mọ́ mi lójú oorun. Òtútù pa wọ́n. Àgbà ti dé sí mi, ọmọ mi."

Mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Òtútù ọ̀sẹ̀ yìí pọ̀ jù."

Mi ò ní parọ́ fún ẹ. Ẹ̀rù bà mí, àmọ́ ẹ̀rù nìkan kọ́. Iṣẹ́ wà nílẹ̀ tí àwọn oníbàárà ń retí, ike ń kún lójoojúmọ́, mi ò sì mọ ibòmíì tí mo lè dà á sí. Mo ń sọ fún ara mi pé bóyá òtútù náà ni ṣá. Èèyàn lè bá ara rẹ̀ sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn títí á fi dùn lẹ́nu.

Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù kan, ó kó òròmọdìẹ míì dé. Ó pè mí láti ẹ̀yìn fẹ́ǹsì: "Káfíńtà, ṣé ó ti kún? Èyí tó kúnná yẹn ni kó o fún mi o, mi ò fẹ́ jágajàga."

Mo dì í fún un. Mo gbé àpò kejì lé orí fẹ́ǹsì, mo di ìdí rẹ̀ mú títí ó fi gbà á dáadáa, kó má baà wúwo jù fún un.

Lọ́tẹ̀ yìí kò jẹ́ kí èédú kú. Orí àga ló ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Wọ́n kú náà. Kò pè mí kí n wá gbẹ́ ilẹ̀, ó dá gbẹ́ ẹ. Mo gbọ́ tó ń sọ fún ìyá mi pé, "Ọwọ́ mi ni. Ohun tí mo bá fọwọ́ kàn kì í yè mọ́." Ó kó àwọn ike omi adìẹ fún aládùúgbò. Fún ọjọ́ bíi mélòó kan, oòrùn á ti dé orí òrùlé kó tó ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn, ìyá mi á wá máa gbé ẹ̀kọ lọ fún un.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo lọ bá a ní ọ̀ọ̀dẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí mo parí, ó ní:

"Nígbà tó o gbé èkejì fún mi, ṣé o ti mọ̀?"

Mo lè sọ pé rárá. Kò sí ọ̀nà tó fẹ́ gbà mọ̀.

"Mo ti mọ̀, mà."

Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú, ó ń wò wọ́n. "A jẹ́ pé kì í ṣe ọwọ́ mi."

"Kì í ṣe ọwọ́ yín, mà."

"Ó dáa. Máa lọ sílé."

Mo ti rò pé tí mo bá sọ ọ́, ara mi á fúyẹ́. Kò fúyẹ́. Ó ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í sin adìẹ báyìí. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń la pákó lójú títì ló ti ń ra èérún, á sì gbé àpò náà lórí kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Tí mo bá kí i, á dáhùn. Kì í dúró, mi ò sì láyà láti ní kó jẹ́ kí n bá òun gbé e. Ẹ̀bi ikú àwọn òròmọdìẹ yẹn ti wà lọ́rùn rẹ̀ láti ọjọ́ tí mo bá a gbẹ́ ilẹ̀, ó ń rò pé tòun ni. Gbogbo ohun tí mo ṣe ní ọ̀ọ̀dẹ̀ rẹ̀ kò ju pé mo gba ohun tó jẹ́ tèmi lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ṣì rù ú.