Òróró Lára Ọkọ̀ Ẹ̀gbọ́n Mi

Omi máa ń bà mí lẹ́rù. Bí bọ́ọ̀sì bá ń gbé mi kọjá lórí afárá, bàtà mi ni mo máa ń tẹjú mọ́ títí a ó fi dé òdìkejì. Mo kàwé gboyè ní New Cross, ní London, nínú ẹ̀kọ́ kan tó kọ́ mi láti máa fi gbogbo nǹkan ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n wọn ò kọ́ wa bí a ṣe ń fi omi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Bàbá wa máa ń fi ọkọ̀ ojú omi onípákó kó ẹrù ọjà láti Ẹ̀pẹ́ lọ sí àwọn abúlé etí ọ̀sà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó gbéra, òun nìkan. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, àwọn apẹja fa ọkọ̀ rẹ̀ wá sí èbúté pẹ̀lú gbogbo ẹrù inú rẹ̀, ohunkóhun kò sọnù níbẹ̀. Bàbá wa ni kò sí níbẹ̀. Láti ìgbà náà ni Mọ́mì ti ń kó wa kúrò létí omi, láti ìlú dé ìlú, títí a fi dé Peckham, níbi tí omi tó ń dààmú èèyàn kò ju èyí tó ń jò láti àjà ilé lọ.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní kí n wá wo nǹkan kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wọn, tí ó sì ká tápólì kúrò lórí ọkọ̀ ojú omi onípákó kan tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ bí ewúrẹ́ tó ń ṣàìsàn, mo sún sẹ́yìn.

Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni ẹ̀gbọ́n mi. Láti Camberwell sí Peckham, láti Peckham sí Camberwell, ohun tó ń ṣe lójoojúmọ́ nìyẹn. Òyìnbó àgbàlagbà kan tó máa ń wọ bọ́ọ̀sì rẹ̀ ló sọ fún un pé ọkọ̀ kan ń jẹrà nínú ọgbà òun, kí ẹni tó bá fẹ́ ẹ wá gbé e. Pásítọ̀ sì fún un ní igun kan lẹ́yìn ilé ńlá tí wọ́n ti ń kó kápẹ́ẹ̀tì pamọ́ sí rí, kí wọ́n tó sọ ọ́ di ilé Ọlọ́run.

"Wò ó dáadáa," ó ní. "Kí lo rí?"

"Igi ìdáná."

"Alákọ̀wé! Igi gidi nìyẹn. Bíi ti Bàbá gẹ́lẹ́."

"Bíi ti Bàbá gẹ́lẹ́ tí ẹ sọ yẹn ló ń bà mí lẹ́rù, ẹ̀gbọ́n."

Ó fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ti ra fìlà ọ̀gá atukọ̀, funfun báláú, pẹ̀lú ìdákọ̀ró aláwọ̀ wúrà níwájú. Ọkọ̀ ò tíì ní ìsàlẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ ti ní fìlà.

Ẹ̀rù ló sọ mí di káfíńtà. Mo rò ó pé bó bá máa gbé ọkọ̀ yìí lọ sójú omi, ó sàn kí n fi ojú ara mi rí gbogbo ibi tí omi lè gbà wọlé. Ní gbogbo Sátidé, a jọ ń fi sáńpépà ha ọ̀dà àtijọ́ kúrò, a ń yọ pákó tó ti jẹrà, a ń fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Lẹ́yìn náà a bẹ̀rẹ̀ sí í fi òwú dí àlàfo àárín pákó sí pákó, a ó sì fi pọ́tì, àtè rírọ̀ tó máa ń gbẹ di líle, lé e. Àwọn ọ̀dọ́ onírùngbọ̀n tó ń mu kọfí nínú ife tó kéré bí ife òògùn máa ń dúró ya fọ́tò wa. Wọ́n ní ọkọ̀ náà ní ìtàn. Mo mọ ìtàn náà. Kò ṣeé mu kọfí sí.

Nígbà tó di Sunday kan, lẹ́yìn ìsìn, Mọ́mì yọ sí wa pẹ̀lú àwọn ìyá ẹgbẹ́ aládùúrà, olúkúlùkù pẹ̀lú ìgò òróró ólífì tí wọ́n rà ní òpópónà ọjà Rye Lane. Ìyá tó jẹ́ olórí wọn, ẹni tó máa ń bá èṣù sọ̀rọ̀ bí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ lé òṣìṣẹ́ kúrò, dojú kọ ọkọ̀ náà.

"Ẹ̀yin ìyá, ibo ni omi máa ń gbà wọ ọkọ̀?"

"Àárín pákó ni, mà."

"Ibẹ̀ ni kí ẹ fi ọwọ́ yín bà!"

Wọ́n fi òróró kun ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn àlàfo náà, láti orí dé ìdí. Sunday tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún padà wá. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe lọ: bí àwọn bá fi òróró pa á ní Sunday, àwa á fi pọ́tì lé e ní Sátidé. Mo rí i pé pákó ń dán. Mo rò pé iṣẹ́ ọwọ́ wa ni.

"Ẹ̀gbọ́n, òróró yìí ò pọ̀ jù báyìí?"

"Jẹ́ kí wọ́n máa fi pa á. Ọkọ̀ wo nílùú yìí ló gba àmì òróró tó tèmi?"

Ní ọjọ́ tí a gbé e lọ sómi, Mọ́mì kọ̀, wọn ò bá wa lọ. Tírélà la fi gbé e lọ sí èbúté àtijọ́ kan tí kò jìnnà, níbi tí omi ti dákẹ́, tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sì ṣí sí odò Thames. Mo wọ ẹ̀wù afẹ́fẹ́ tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, mo sì tún wọ òmíràn lé e.

"Ìwọ nìkan ni mo rí tó dá agbádá fún odò," ẹ̀gbọ́n mi wí.

Ọkọ̀ náà léfòó. Ẹ́ńjìnì kékeré tí ẹ̀gbọ́n mi so mọ́ ìdí rẹ̀ húkọ́, ó húkọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́. A kúrò létí ilẹ̀. Mo ti ń rò ó pé bóyá n ó lè mí báyìí, nígbà tí nǹkan tútù kan wọ inú bàtà mi.

Kì í ṣe ojú kan ni omi gbà wọlé. Gbogbo àárín pákó ló ń sun ún. Pọ́tì ń ṣí kúrò ní gígùn bí awọ tí ejò bọ́ sílẹ̀, òwú sì ń tẹ̀ lé e. Omi dé ọrùn ẹsẹ̀ mi, mo sì mọ̀ pé bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyí, pé kì í pariwo, pé bóyá Bàbá náà jókòó báyìí tó ń wo bàtà rẹ̀. Mo wo ojú ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀rín ti kúrò níbẹ̀. Ó ṣí fìlà funfun náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi gbọ́n omi dànù. Iṣẹ́ tí fìlà náà kọ́kọ́ ṣe nìyẹn.

Ọkùnrin kan tó wà létí èbúté ju okùn sí wa, ó fà wá wá sétí ilẹ̀. Ẹsẹ̀ mi kan ilẹ̀, mo sì jókòó sórí kọnkéré nínú ẹ̀wù méjèèjì.

Nígbà tí a gbé ọkọ̀ padà sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀gbọ́n mi fi ìka nu abẹ́ pọ́tì. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó na ìka náà sí mi.

"Òróró," mo wí.

Lẹ́yìn náà ẹ̀rù mìíràn dé.

"Ìwọ ni kí o sọ fún Mọ́mì," ó ní. "Ìwọ lo kàwé."

"Ẹ̀yin ni àkọ́bí."

A jọ lọ ni. Mọ́mì ń ṣa ẹ̀wà nígbà tí a wọlé.

"Mọ́mì," ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀, "òróró yẹn ni kò jẹ́ kí pọ́tì lẹ̀. Omi wọlé."

Ọwọ́ wọn dúró nínú ẹ̀wà. "Ṣé ibi tó jìn lẹ wà?"

"Rárá, mà. A ò tíì lọ síbi kankan."

"Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ó gbọ́ tèmi."

"Mọ́mì, ọkọ̀ ọ̀hún fẹ́ rì o!"

"Ta ló sọ fún ẹ pé mo gbàdúrà pé kí ọkọ̀ lọ? Mo bẹ Ọlọ́run pé kí ọmọ mi má jìnnà sílẹ̀. Ṣé o jìnnà?"

Wọ́n tún ń ṣa ẹ̀wà wọn lọ.

A fi tínà, omi tí wọ́n fi ń fọ ọ̀dà, nu òróró kúrò lára gbogbo pákó, a tún fi òwú àti pọ́tì tuntun dí i. Ẹ̀gbọ́n mi wá bẹ àwọn ìyá ẹgbẹ́ aládùúrà pé omi ni kí wọ́n máa bù sínú ọkọ̀ báyìí, nítorí omi ló ń mú kí pákó wú, kí àlàfo rẹ̀ sì pàdé. Olórí wọn ní omi lásán ò lágbára tó òróró, ṣùgbọ́n wọ́n gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì wá.

Lẹ́ẹ̀kejì tí a gbé e lọ sómi, Mọ́mì bá wa lọ, nínú kóòtù tí wọ́n máa ń wọ̀ lọ síbi ìsìnkú. Wọ́n gba okùn ọkọ̀ lọ́wọ́ mi. A gun ọkọ̀, a dúró. Mo fi ọwọ́ pa ìsàlẹ̀ rẹ̀: gbígbẹ. Ọkàn mi ò gbà á gbọ́, mo tún fọwọ́ pa á.

"Mọ́mì, ẹ tú okùn sílẹ̀," ẹ̀gbọ́n mi wí.

"Mi ò tú u."

"Kò jò, mà. Ẹ wò ó."

"Mo rí i. Mi ò tú u."

"Mọ́mì, àwọn èèyàn ń wò wá o."

"Kí wọ́n máa wò." Wọ́n fi okùn yí ọwọ́ wọn po lẹ́ẹ̀kan sí i. "Èmi ni mo tú okùn fún bàbá yín láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ó ní kí n tètè tú u, pé ọjọ́ ti ń lọ. Mo tú u."

A ò gbọ́ ọ rí. Ẹ̀gbọ́n mi ṣí fìlà rẹ̀, ó gbé e sí ẹ̀bá ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó fi ẹ́ńjìnì sí ìrìn jẹ́jẹ́, a sì lọ títí dé ibi tí okùn gùn dé. Nígbà tó nà tán, a yí, a ń lọ a ń bọ̀ níwájú Mọ́mì bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ èèkàn. Ẹnì kan létí èbúté pàtẹ́wọ́. Mi ò wo omi. Ọwọ́ Mọ́mì ni mò ń wò, níbi tí okùn ti há mọ́ wọn níka.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi pa ẹ́ńjìnì. "Ó ti tó, Mọ́mì. A ti ń bọ̀."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fa okùn náà, díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ kan lé ọwọ́ kejì. A jókòó jẹ́ẹ́, àwa méjèèjì, a jẹ́ kí wọ́n fà wá wálé.